Ẹsẹ̀ Mi àti Oríta Ẹ̀rọ Gàrí

Òmù-Àrán,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Rọfíà ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní kí n pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní rárá. Bí mo bá pè ọ́, wàá dá mi lóhùn kí n tó parí gbólóhùn kìíní, èmi náà á bínú, a ó sì padà sí ibi tí a wà ní ọjọ́ Iléyá. Lẹ́tà kò ṣeé já lu. Kà á tán kí o tó bínú.

Mo gbọ́ pé o ti wọṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Ìlọrin, pé wọ́n fún ọ ní yàrá kékeré kan àti àga mẹ́ta. Ìyá rẹ ní àwọn tí àìsàn wọn kò hàn nínú àyẹ̀wò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ: ẹni tí apá rẹ̀ kò gbé mọ́, ẹni tó jí láàárọ̀ tí kò ríran tí dókítà ojú sì ní ojú náà kò ní àléébù, ẹni tí inú ti ń run láti ọdún mélòó kan. Ìbànújẹ́ tàbí ìjà tí wọn kò rí jà síta ló gba ara wọn jáde, ìwọ ni yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ wò wọ́n. Ìyá rẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé dókítà ni ọ́. Mo ní kì í ṣe dókítà gan-an, ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn ná.

Ní Iléyá, o sọ ohun kan nípa ẹsẹ̀ mi àti nípa ẹ̀gbọ́n rẹ tó kú, mo sì lé ọ kúrò níwájú mi. O lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìjẹun. Láti ìgbà náà o ti bi ìyá rẹ léèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá màá gbà kí ẹnì kan bá mi wo ẹsẹ̀ náà ní ọ̀nà tiyín. Màá dá ọ lóhùn nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní disipẹ́ńsárì ní Èsìẹ́, mo sì ṣe àwọn aláìsàn tìrẹ wọ̀nyí báṣubàṣu kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ mi pé wọ́n wà. Ó yẹ kí àṣìṣe mi wúlò fún ẹnì kan.

Èkíní. Kí o tó sọ pé ọkàn ni, rí i dájú pé kì í ṣe ara. Ọdún kejì tí mo dé Èsìẹ́, àgbẹ̀ kan ń wá ṣáá fún inú rírun. Ìyàwó rẹ̀ kékeré ti kọ̀ ọ́, gbogbo ìlú ló mọ̀, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé obìnrin náà ló ń run ún nínú. Lọ́jọ́ tó wọlé tó ká kò bí ìgbín, mo ní, “Bàbá, ẹ lọ sinmi, ẹ yé ronú.” Ìfun rẹ̀ ló ti lu. Ọlọ́run ló ní kí mọ́tò tó ń bọ̀ ní Òmù-Àrán kọjá lásìkò náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó yè, ó sì lo ogún ọdún sí i. Nígbàkigbà tó bá pàdé mi lọ́jà, á bọ́ fìlà, á ní, “Nọ́ọ̀sì, mo ṣì ń ronú o.” Mo jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi kú ikú ọjọ́ ogbó. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá lè ní egbò nínú pẹ̀lú. Máa bi dókítà tó fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ọ pé kí ni wọ́n yẹ̀ wò, kí ni wọn kò tíì yẹ̀ wò.

Èkejì gùn, nítorí ti Ìyá Múnírù ni.

Ó ń dín gàrí ní Èsìẹ́, ọkọ rẹ̀ ń gbin iṣu, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún nígbà náà. Ó wọlé, ó fi ìka kan ọ̀fun, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, nǹkan há mi lọ́fun.” Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, n kò rí nǹkan. Mo ní egungun ẹja ni. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: mo ní kó lọ bu òkèlè èbà ńlá, kó gbé e mì kó má jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó lọ, ó ṣe é, ó padà wá, ó ní nǹkan náà ṣì wà níbẹ̀, àti pé èbà gan-an kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ọkọ rẹ̀ ló máa ń bá a wá. Bí mo bá bi obìnrin náà léèrè, ọkọ á dáhùn. Ó sùn, kò sùn, ó jẹun, kò jẹun, ẹnu ọkọ ni mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Bí irú rẹ̀ bá wọ yàrá rẹ, kí i dáadáa, fún un ní ọ̀wọ̀ rẹ̀, kí o sì rán an níṣẹ́. Ní kó lọ bá ọ mú ìwé kan wá láti ibi tó jìnnà. Bí ìwé náà kò bá sí, kò burú.

Mo wá gún Ìyá Múnírù ní abẹ́rẹ́ omi. Àwa nọ́ọ̀sì ayé ìgbà náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Omi mímọ́ tí a fi ń po oògùn ni, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ta ènìyàn kọjá ààlà, àwọn ará wa sì gbà pé abẹ́rẹ́ tó bá ta ló ń ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un pé oògùn tuntun ni, pé Ìlọrin ni wọ́n ti gbé e dé. Lọ́jọ́ kejì ó jẹ iyán. Mo yangàn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ó padà wá gba òmíràn, ó tún padà wá, títí kò fi sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè wọ̀ mọ́ ní ìdí rẹ̀, nǹkan ọ̀fun náà sì tún padà, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Má fi irọ́ wo ẹnikẹ́ni, Àbẹ̀kẹ́. Ara á gbà á lọ́jọ́ kìíní, lẹ́yìn náà á máa béèrè òmíràn.

Inú wá bí mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, n kò rí nǹkan ṣe sí i, nọ́ọ̀sì tí kò bá rí nǹkan ṣe kì í pẹ́ bínú sí aláìsàn. Lọ́jọ́ ọjà kan, tí ènìyàn kún orí bẹ́ǹṣì, mo gbóhùn sókè, mo ní, “Ìyá Múnírù, ẹ máa lọ sílé. Kò sí nǹkankan lọ́fun yín. Omi lásán ni mo ń gún yín láti ọjọ́ yìí.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí n má purọ́ fún ọ.

Kó tó délé, ilé ti gbọ́. Orogún rẹ̀ ní òun ti mọ̀ pé ó ń díbọ́n kó má baà dín gàrí ni. Ọkọ rẹ̀ gbé iyán kalẹ̀, ó jókòó tì í, ó ní kó jẹ ẹ́ lójú òun. Ó jẹ ẹ́, ó bì í. Láàárín oṣù kan egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ṣe ìyẹn, kì í ṣe àìsàn. Má sọ fún aláìsàn pé kò sí nǹkankan. O lè sọ pé àyẹ̀wò kò rí nǹkan, òótọ́ ni ìyẹn. Ẹni tí ara ń dùn mọ̀ pé ara ń dun òun.

Ìyá Sísítà ló bá mi tún un ṣe. Kìrìsìtẹ́nì ni, ará Òkè-Onígbìn, ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́, tó máa ń gun alùpùpù wá yẹ ìwé wa wò. Ó ka ohun tí mo kọ sí káàdì Ìyá Múnírù. Mo kọ “Irọ́ ló ń pa” síbẹ̀. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ní, “Kí ló ń rí gbà nídìí irọ́ náà?” Ó gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, ó sì wá ibi tí obìnrin náà ti ń dín gàrí lọ.

Ó jókòó sórí àpótí, ó mú ọ̀bẹ, ó ń bá a bẹ ẹ̀gẹ́. Kò bi í ní nǹkankan. Lọ́jọ́ kìíní kò sọ ju “ẹ kú iṣẹ́” àti “ó dàbọ̀” lọ. Ó tún padà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ kan náà, àkókò kan náà, kò sì ju wákàtí kan lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Àwọn ọmọdé ní Sísítà ti wá di ère òkúta Èsìẹ́ tó máa ń jókòó láìsọ̀rọ̀, pé kí wọ́n wá gbé e lọ síbi tí àwọn yòókù wà. Èmi náà rò pé ó ń fi àkókò ìjọba ṣòfò. Mo ní, “Mà, ẹ ò ṣe bi í léèrè ohun tó ń ṣe é?”

Ó ní, “Bí mo bá bi í, ohun tí mo bi í nìkan ni yóò dá lóhùn.”

Kọ ìyẹn sí ibi tí wàá ti máa rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ìyá Múnírù fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́. Wọ́n ti fi àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, Sàlámátù, fún ọkùnrin kan ní Share. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi ìyá ọmọ léèrè, òun náà kò sì fẹ́ ọkùnrin náà fún ọmọ rẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹrù ìyàwó dé, wọ́n ní kí ìyá ọmọ dìde kó dúpẹ́. Ó dìde, ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ dáadáa, ó fi àdúrà lé e, ilé ṣe àmín. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀fun rẹ̀ dí.

Ìyá Sísítà sọ èyí fún mi nítorí pé ọ̀dọ̀ mi ni aláìsàn náà wà, mo sì bà á jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Mo sáré lọ bá obìnrin náà, inú mi ń dùn. Mo ní, “Ìyá, mo ti mọ ohun tó ń ṣe yín. Ọ̀rọ̀ Sàlámátù ni. Kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀fun yín.” Ó ní, “Ṣé mo ń díbọ́n ni, Nọ́ọ̀sì?” Fún oṣù méjì, kò dé disipẹ́ńsárì, kò sì dá Ìyá Sísítà lóhùn.

Ohun tí mo sọ, òótọ́ ni. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó sọ ọ́. Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà sí ibì kan tí n kò ní dárúkọ fún ọmọ mi obìnrin. Ìwọ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà láti ọjọ́ kìíní, ojú rẹ mú, ti ìyá rẹ lo jọ. Fi í pamọ́ sọ́wọ́. Kí aláìsàn náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Ìyá Sísítà padà lọ bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ mi, ó tún mú ọ̀bẹ. Nígbà tó yá, Ìyá Múnírù sọ ọ́ fúnra rẹ̀, níbi tí ẹbí ọkọ pé sí. Ó ní, “Ẹ ò bi mí.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ní, “Wàláhì, a ṣe àṣìṣe.” Kò sẹ́ni tó tú ìgbéyàwó náà ká, Sàlámátù ti lóyún. Ṣùgbọ́n ó jẹ iyán lọ́sẹ̀ náà, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan ọ̀fun náà kò sì lọ pátápátá. Bí ọdún bá dé tí Sàlámátù kò wá, ó máa ń padà fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé yóò lọ ráúráú.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin, mo ti pàdánù òǹkà. Ọ̀pọ̀ wọn yóò ti dé ọ̀dọ̀ Àfáà àti ọ̀dọ̀ wòlíì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Má bá wọn jà nítorí ìyẹn. Mo gé tírà kúrò lápá ọmọge kan rí kí n lè ráyè gún un ní abẹ́rẹ́. Ó dákú lọ́wọ́ mi. N kò tíì fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ohun tí ènìyàn bá fi ń gbé ara dúró, má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí o kò bá tíì ní nǹkan mìíràn tí wàá fi sí i lọ́wọ́.

O ti rí ibi tí mò ń lọ.

Ní Iléyá, lójú àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ẹran wà lẹ́nu wa, o ní, “Bàbá, kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹsẹ̀ yín. Bọ̀ọ̀dá Ràsákì ni ẹ ò tíì sunkún fún.” Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, “Ṣé mo ń díbọ́n ni?” Kí n tó pa ẹnu dé ni mo ti rántí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ojú tì mí gidigidi, ìyẹn ló jẹ́ kí n lé ọ. Kì í ṣe nítorí pé o parọ́. O kàn ṣe bíi tèmi ni. Mo bẹ̀ ọ́, má bínú.

Jẹ́ kí n wá kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ káàdì.

Ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ó ń gbé Òmù-Àrán. Ẹsẹ̀ òsì. Ó ń fi í rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń fi í rìn lọ sí ọjà. Bó bá gba ọ̀nà oko, tó dé oríta tí ẹ̀rọ gàrí wà, ẹsẹ̀ náà á kú dé ìbàdí. Aláìsàn fi abẹ́rẹ́ gún un fúnra rẹ̀ níbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Bó bá yíjú sílé, ẹsẹ̀ á padà jí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Fọ́tò egungun lẹ́ẹ̀mejì ní Ìlọrin, kò sí nǹkan. Kò tíì dé oko rẹ̀ láti ìgbà náà, alágbàṣe ló ń kọ ebè. Ó ra ọ̀pá.

Ìtàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kú lójú ọ̀nà Ìlọrin. Wọ́n gbé e délé lọ́sàn-án, wọ́n sin ín kí ìrun Mùgùríbì tó tó. Àfáà ní kò sí nínú ẹ̀sìn pé kí bàbá má dé sàréè ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ilé ní àwọn kò sọ pé ẹ̀sìn ni, àṣà ni, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Wọ́n fi ọkùnrin méjì tì í ní yàrá. Láti ojú fèrèsé ló ti rí i pé ọ̀nà oko ni wọ́n gbé e gbà. Ó fẹ́ dìde. Ẹni tó jókòó lápá òsì rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣe ọkàn gírí.” Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó ń dáhùn pé alihamudulilai. Ìyá ọmọ sunkún títí di ogójì ọjọ́, ó sì ti ń lọ sọ́jà báyìí. Bàbá kò sunkún. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti rí òkú púpọ̀.

Ká ní káàdì ẹlòmíràn nìyí ni, ǹ bá ti mọ ohun tí màá kọ sí ìparí rẹ̀ láti ìlà kẹta. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ. Ẹ̀gbọ́n tìrẹ náà ló kú. Bí mo bá sunkún níwájú rẹ, wàá sunkún, èmi ni màá wá máa rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, a ó sì gba ẹ̀kọ mu, a ó lọ sílé, ẹsẹ̀ náà á sì wà bẹ́ẹ̀. Bá mi wá ẹlòmíràn nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, ẹni tí kò mọ̀ mí, tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ àgbàlagbà díẹ̀. N kò fẹ́ ẹni tí yóò máa sọ ohun tó ti mọ̀ nípa mi fún mi. Kó má sì gba ọ̀pá mi lọ́jọ́ kìíní. Màá máa wọ mọ́tò wá ní ọjọ́ tí ẹ bá dá, àkókò kan náà, n kò ní pẹ́ dé. Kí ìwọ náà wá ẹnì kan tí wàá máa jókòó tì. Mo rí bí o ṣe ń jẹ èékánná rẹ ní Iléyá, mo kàn dákẹ́ ni.

Ó ku ohun kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ ìsìnkú Ràsákì, wọ́n ní kí àwọn obìnrin padà ní ẹnu ọ̀nà, ìwọ kọ̀, o tẹ̀ lé wọn. O mọ ibẹ̀. N kò ní kí o júwe rẹ̀ fún mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láyé, n kò sì fẹ́ da ilé rú lọ́jọ́ ogbó mi. Ṣùgbọ́n o rántí bí Ràsákì ṣe máa ń ṣe bí a bá ń kọ ebè. Kò ní kọ ju márùn-ún lọ tí yóò fi sá lọ sábẹ́ igi máńgòrò, tí yóò ní oòrùn fẹ́ pa òun, tí màá sì máa pariwo lé e lórí pé ọ̀lẹ ni. Oòrùn ọ̀sán máa ń mú gan-an ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún.

Ìwọ ṣáà sọ fún mi bóyá igi wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ.